Èsì: Àgbàdo tó bu nínú àpò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa n'Ìkẹ́rẹ́. Ẹ ní àgbàdo yín ti bu, ẹ fẹ́ fọ̀ ọ́ ṣe ògì, kẹ́ ẹ da ìyókù fún adìyẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Májèlé aflatoxin tí bíbu yẹn lè mú wá kì í bá omi lọ tán, iná ìdáná kò sì lè pa á. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́, ó sì ń pa ohun ọ̀sìn náà.

Àgbàdo tí à ń ya nígbà òjò l'Èkìtì ló ń fa wàhálà yìí jù. Kẹ́ ẹ tó dì í sápò, ẹ da díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ, ẹ mì í dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ. Ẹ tún un sá, lórí tapólì o, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀.