Bàbá Oníkámẹ́rà, ṣé fíìmù lèyí?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Oníkámẹ́rà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó ń kọ́ nípa fíìmù níbí ló fà mí lọ wo “13 Lakes.” Omi, omi, omi ṣáá! Kò sí ìtàn, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, kámẹ́rà ò mira, ó sì ju wákàtí méjì lọ. Ọmọ ní àwòrán tí wọ́n fi fíìmù yà ni. Ṣé ohun tí mò ń sanwó ilé ìwé lé lórí nìyí? — Ìyá Ìbejì, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ yín ò purọ́. James Benning, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é lọ́dún 2004: adágún 13, ìṣẹ́jú 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó ti rí i pé omi gba ìdajì ìsàlẹ̀, ojú ọ̀run gba ìdajì òkè, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ojú ayàwòrán nìyẹn.

Ìṣẹ́jú 10 yẹn gan-an ni wọ́n máa ń pè ní agídí. Agídí kọ́ o. Kámẹ́rà 16mm, tó ń lo róòlù fíìmù tó fẹ̀ ní mìlímítà 16, ló fi yà á, èmi náà sì ti fi irú ẹ̀ jẹun rí nígbà tí mò ń ya ìròyìn fún tẹlifíṣọ̀n. Róòlù kékeré tiwa, 100 ẹsẹ̀ bàtà, kì í lò tó ìṣẹ́jú 3 tó fi ń tán. Ti 400 ẹsẹ̀ bàtà ni Benning lò. Ẹ ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àpò dúdú tí ìmọ́lẹ̀ ò lè wọ̀, ìka nìkan ni yóò máa ríran níbẹ̀, títí ẹ ó fi rí ẹnu fíìmù fi há a sínú àpótí róòlù kámẹ́rà. Gbogbo wàhálà yẹn, ìṣẹ́jú 11 péré ni! Àwa ń ṣọ́ ọ ná bí owó oṣù. Benning wá fẹ́rẹ̀ẹ́ ná odindi róòlù fún omi kan ṣoṣo. Mo bọ̀wọ̀ fún un.

Nǹkan sì ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní Jackson Lake, adágún tó fi bẹ̀rẹ̀, oòrùn ń yọ, ìmọ́lẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lára òkè díẹ̀díẹ̀. Ní Crater Lake, tí òjìji òkè dojú dé sínú omi tó pa rọ́rọ́, ṣé ẹ ò gbọ́ ìró ìbọn ni? Peter Hutton, atukọ̀ tó di oníṣẹ́ fíìmù, tó kú lọ́dún 2016, kò fi ohùn sí àwọn fíìmù tiẹ̀ rárá. Ti Benning dùn mọ́ mi jù, etí ló ń bá ojú ṣiṣẹ́. Èmi ò ní sọ pé gbogbo adágún 13 náà ló dùn o; òmíràn á mú èèyàn sùn.

Bí ọmọ bá fẹ́ fi fóònù wò ó, ẹ gba fóònù náà. Lórí aṣọ funfun ńlá, nínú òkùnkùn, ni kó ti wò ó.

Owó ilé ìwé, ẹ san án. Lọ́dún 2014, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi fíìmù náà kún àwọn tí wọ́n fẹ́ tọ́jú títí láé. Ẹ ṣáà bi ọmọ léèrè: ṣé wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ki róòlù 400 nínú àpò dúdú? Bí wọn ò bá tíì kọ́ ọ, olùkọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí, kì í ṣe èmi.