Tú bóòtù yẹn kí o tó ra gọ́ọ̀mù

Àbúrò, o ní ère tí o fi igi àti irin ṣe ti là, o wá ń béèrè gọ́ọ̀mù tó le jù. Má wulẹ̀ náwó. Ohun tó ṣe tìrẹ ló ṣe tèmi, mo sì dá owó oníbàárà padà.

Ìtì igi ọmọ̀ kan ni mo rà lásìkò òjò. Ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, inú mi ń dùn, àṣé omi ló wà nínú rẹ̀. Mo fi bóòtù de irin pẹlẹbẹ mọ́ ìbú rẹ̀ pinpin, mo wé wáyà bàbà lé irin náà. Kò jọ èèyàn, kò jọ ẹranko, ṣùgbọ́n ó wu ojú. Oníbàárà gbé e lọ sílé rẹ̀ létí òkun l'Ékòó, ó gbé e síwájú ẹ̀rọ amúlétutù. Kò pé oṣù méjì tó pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, ère yín dún gbàà lóru, a rò pé olè ni.” Nígbà tí mo débẹ̀, ìka mi wọ ojú ibi tó là.

Bí igi bá ń gbẹ, ìbú rẹ̀ ló ń fún. Gígùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Irin kì í fún ní tirẹ̀. Bóòtù di igi mú lọ́tùn-ún lósì, kí ni igi ì bá ṣe ju kó ya lọ? Abẹ́ wáyà bàbà gan-an ni irin sì ti dógùn-ún jù, torí bí bàbà bá fara kan irin níbi tí ọ̀rinrin oníyọ̀ wà, irin ni yóò dógùn-ún.

Ní báyìí, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń gbé igi lé ìwọ̀n, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri, kí n lè mọ bí omi inú rẹ̀ ṣe ń dínkù. Èyí tó wà nílẹ̀ ti bọ́ láti kílò 31 sí 22, n kò tíì fọwọ́ kàn án. Lára irin, ihò kan róbótó, èkejì gùn, kí bóòtù lè rìn. Mo ń fi túùbù ọ̀kadà tí mo gé sáàárín bàbà àti irin.

Wo iṣẹ́ El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Gánà tó kọ́ni ní yunifásítì Nsukka: ìdérí ìgò ọtí tó fi wáyà bàbà so mọ́ra ni. Ó ṣeé ká, ó ṣeé nà.

Má fi gọ́ọ̀mù àti èérún igi dí ibi tó là o. Tí òjò bá dé, igi á wú. Tú bóòtù ẹ̀gbẹ́ kan ná. Tèmi, wáyà bàbà ni mo fi gán an bí igbá tó fọ́, ẹnìkan ti ń bi mí pé èló ni.