Ẹ BI WÁ: Ta ló ni wẹ́bùsáìtì yín gan-an?

Lẹ́tà lórí wẹ́bùsáìtì ló pọ̀ jù lọ́tẹ̀ yìí, mo mú mẹ́rin níbẹ̀. Ẹ má bínú pé èsì àkọ́kọ́ gùn, ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣe èmi náà rí ni.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà n'Ítòkú, l'Abẹ́òkúta. Ní 2022, ọmọkùnrin kan bá mi ṣe wẹ́bùsáìtì, mo sanwó ẹ̀ pé, ó ní ó ti di tèmi títí láyé nìyẹn. Oṣù tó kọjá, kọ́sítọ́mà mi kan n'Íbàdàn pè mí pé òun tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Mo pe ọmọ náà, ó ní kí n tún mówó wá. Ṣé kì í ṣe gbájúẹ̀ ló fẹ́ ṣe fún mi báyìí? – Ìyá Aláàdìrẹ

Èsì: Màmá, ẹ kú ọjà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbè é lẹ́yìn díẹ̀ kí n tó bá a wí. Kò sẹ́ni tó ń ra orúkọ sáìtì títí láyé o. Orúkọ yẹn, tí wọ́n ń pè ní domain, ẹ kàn háyà ẹ̀ ni, ọdọọdún lèèyàn ń san án, kódà ẹni tó lówó tó fẹ́ san sílẹ̀, bíi ti .com, ọdún 10 ló pọ̀ jù tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Hosting tún wà lọ́tọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó fótò àdìrẹ yín sí tí wọn kì í pa tọ̀sán tòru, òun náà lówó tiẹ̀. Bíi sọ́ọ̀bù yín náà ni, owó káfíńtà tó kan pẹpẹ yàtọ̀ sówó rẹ́ǹtì, owó káfíńtà lẹ san ní 2022. Ibi tọ́mọ yẹn ti ṣẹ̀ yín ni pé kò sọ fún yín pé onílé ń bọ̀.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fún un ní kọ́bọ̀, ẹ bi í: ìmeèlì ta ló fi rà á? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Wẹ́bùsáìtì tèmi àkọ́kọ́, ìmeèlì ara ẹ̀ lẹni tó bá mi ṣe é fi ra gbogbo ẹ̀, mi ò mọ̀, mo ṣáà ń rórúkọ mi lókè sáìtì, inú mi ń dùn. Ìgbà tí mo fẹ́ san tọdún kejì fúnra mi, mo tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé mo gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, wọ́n ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ síbi ìmeèlì, lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n fi hàn, ìyókù ìràwọ̀ ìràwọ̀, lẹ́tà méjèèjì ọ̀hún ò sì jọ tèmi rárá. Bọ̀dá ti jápa lọ Kánádà, nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. Bórúkọ yẹn ṣe lọ nìyẹn, tòun ti káàdì 500 tí mo ti tẹ̀ ẹ́ sí. Káàdì yẹn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ẹ̀yìn ẹ̀ làwọn ọmọ ń ya nǹkan sí.

Torí náà, kí ọmọ yín kan wọ ibi tí wọ́n ń pè ní WHOIS lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kó tẹ orúkọ sáìtì yín síbẹ̀. Ó máa rí ọjọ́ tí wọ́n rà á, ọjọ́ tó máa parí, àti ilé iṣẹ́ tó tà á. Orúkọ ẹni tó ni ín lè má hàn, wọ́n sábà máa ń bò ó, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ yẹn lẹ máa gbé ẹjọ́ lọ bá. (Tó bá jẹ́ .ng, àjọ NiRA ló ń bójú tó gbogbo ẹ̀.) Ẹ ṣe kíá o, torí tí wọ́n bá ti yọ orúkọ .com tẹ́nì kan ò sanwó ẹ̀ kúrò, ọgbọ̀n ọjọ́ péré lẹ ní láti rà á padà, owó ẹ̀ á sì ti lé sí i. Kẹ́ ẹ tó sanwó, kí ọmọ náà gbé domain yẹn sórí ìmeèlì tiyín níṣojú yín, kẹ́ ẹ rí kóòdù kó dún wọlé lórí fóònù yín. Tó bá kọ̀, ẹ wá lè máa pè é ní gbájúẹ̀.

Ìbéèrè: Òfì ni mò ń hun n'Ísẹ́yìn, mo ní fọ́lówà 9,000 lórí Instagram. Wọ́n ní bíṣíńẹ̀ẹ̀sì tí ò ní wẹ́bùsáìtì, eré ọmọdé ni. Ẹnì kan ní kí n mú 600,000 náírà wá. Ṣé kí n san án? – Ọmọ Ẹbẹdí

Èsì: Àbúrò, má san án. Tí òfì tó o hun lóṣù bá ń tà tán lórí WhatsApp, kí lo fẹ́ fi sáìtì olówó gọbọi ṣe? Èmi tí mò ń fi iṣẹ́ yẹn jẹun ló ń sọ ọ́ o. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn 9,000 yẹn kì í ṣe tìẹ. Ní 5 June 2021 ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, ó di 13 January 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Lọ́dún 2021 yẹn náà, 4 October, Facebook, Instagram àti WhatsApp kú pa pọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ra orúkọ nìkan, .com.ng ò wọ́n tó .ng, fi ojú ewé kan ṣoṣo síbẹ̀: fótò ẹtù, sányán àti àlàárì, iye tó ti ń bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà rẹ. Kó o sì kọ nọ́ńbà àwọn tó ti rajà rí sínú ìwé, ìwé gidi ni mò ń wí o.

Ìbéèrè: Peckham ni mo wà ní London, mò ń se oúnjẹ òde. Sáìtì mi ti pé oṣù mẹ́ta, tí n bá wá a lórí Google, n ò rí i. Wọ́n ní àfi kí n fún Google lówó. – Ìyá Olóńjẹ

Èsì: Àǹtí mi, owó ìpolówó nìkan ni Google ń gbà, wọ́n á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Sponsored. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, kò sówó tó ń gbé wọn sókè. Mo ṣí sáìtì yín. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sókè ni pé ẹ káàbọ̀ sáyé ìgbádùn tí ò láfiwé. Mo kà á dé ìsàlẹ̀, n ò rí àmàlà, n ò rí jọ̀lọ́ọ̀fù, n ò rí Peckham! Báwo ni Google ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹni tébi ń pa ò ní tẹ ìgbádùn tí ò láfiwé síbẹ̀, àmàlà ló máa tẹ̀. Fótò mọ́ínmọ́ín yín náà, bó ṣe jáde látinú fóònù ni wọ́n gbé e síbẹ̀, ewé ẹ̀ kọ́kọ́ yọ, mo dúró títí kí mọ́ínmọ́ín tó dé, fótò náà wúwo tó 6MB. Kí wọ́n dín in kù kó má ju 200KB lọ. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi sáìtì yẹn sí Search Console (ibi tẹ́ ẹ ti máa sọ fún Google pé sáìtì yín wà), kẹ́ ẹ sì ṣí Google Business Profile (tó ń gbé bíṣíńẹ̀ẹ̀sì yín sórí máàpù Google), ọ̀fẹ́ làwọn méjèèjì.

Ìbéèrè: Ẹni tó ń ṣe sáìtì mi ní kí n máa san 80,000 lọ́dún fún àgádágodo tó wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ sáìtì, pé tó bá ti wà níbẹ̀, hákà kankan ò lè wọlé. Òótọ́ ni? – Oníbàtà, Òṣogbo

Èsì: Rárá o. Iṣẹ́ àgádágodo yẹn ni pé ohun tí kọ́sítọ́mà bá tẹ̀, ẹni kankan ò ní lè kà á lójú ọ̀nà. Hákà tó bá ti mọ pásíwọ́ọ̀dù yín, ẹnu ọ̀nà ló máa gbà wọlé, ó sì tún lè wọlé tẹ́ ẹ bá ń lo WordPress (ohun tí wọ́n fi ń ṣe sáìtì) tẹ́ ò ń ṣe update ẹ̀. Láti 2015 ni àjọ kan tó ń jẹ́ Let's Encrypt ti ń pín àgádágodo yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ hosting ló sì ń fi kún un láìgba kọ́bọ̀. Ẹ ní kó yọ 80,000 yẹn nínú bíìlì. Tó bá jiyàn, ẹ na ojú ewé yìí sí i.