Eékún tó ń dun màmá rẹ àti egungun tó ń fúyẹ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní màmá rẹ ti lé ní 60 ọdún, eékún ń dùn wọ́n, o sì fẹ́ mọ ewé tàbí agúnmu tí wọ́n lè máa lò kí egungun wọn má baà tètè gbó. Àwọn kan ti ní mọ̀ríńgà, àwọn kan ní oyin àti ẹyin adìẹ ìbílẹ̀. Aránṣọ ni mí ní Sábẹ̀ẹ́ níbí, ní ilẹ̀ Benin, n kì í ṣe dókítà, àmọ́ egungun ti fi ojú mi rí màbo, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dá sí i.

Eékún tó ń dùn wọ́n yẹn lè má kan ohun tí ò ń bẹ̀rù rárá. Làkúrègbé máa ń jẹ oríkèé, ibi tí egungun méjì ti pàdé, ìyẹn ló ń dun ni tí èèyàn bá fẹ́ dìde. Egungun tó ń fúyẹ́ nínú, èyí tí àwọn dókítà wa ń pè ní ostéoporose, kì í dun ni. Ṣe ló máa ń dákẹ́ títí ọjọ́ tí nǹkan kékeré á fi ṣẹ́ ẹ. Nǹkan kékeré tèmi ni omi ọṣẹ nílẹ̀ ilé ìwẹ̀. Mo fi ọwọ́ ti ilẹ̀ kí n má baà forí lélẹ̀, ni ọrùn ọwọ́ bá kán. Wọ́n ṣe ràdíò (àwòrán egungun inú ara) tán, dókítà wò ó títí, ó wá bi mí pé ìgbà wo ni nǹkan oṣù mi ti dá. Inú bí mi. Ọwọ́ ló ń dùn mí, kí ló kan nǹkan oṣù?

Ó kàn án. Títí dé nǹkan bí 30 ọdún ni ara ń kó egungun jọ, lẹ́yìn náà, ohun tó wà nílẹ̀ la ó máa ná. Bí nǹkan oṣù obìnrin bá wá dá, ẹsitirójìn, èròjà inú ara tó ń ṣọ́ egungun, á wálẹ̀ lára rẹ̀, ọdún 5 sí 10 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn sì ni egungun ń yára dín kù jù. Ọkùnrin náà ò bọ́ níbẹ̀, tiwọn kàn ń pẹ́ dé ni.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rí i nínú iṣẹ́ mi. N kì í sọ ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí nù. Ìyá kan wà tó máa ń rán kaba lọ́dọ̀ mi tí ọdún bá ti ń bọ̀. Láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀, sẹ̀ńtímítà 134 ni mo kọ sílẹ̀ fún wọn nígbà kan. Nígbà tí mo tún na mẹ́tà lé wọn lára lẹ́yìn ọdún mélòó kan, 129. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nàró dáadáa.” Wọ́n ní àwọn ti nàró. Kaba àtijọ́ tí wọ́n wọ̀ wá ń wọ́ nílẹ̀ níwájú, ó sì ti gòkè lẹ́yìn, torí ẹ̀yìn wọn ti ń tẹ̀. Egungun ẹ̀yìn lè rún díẹ̀díẹ̀ báyìí láìjẹ́ pé èèyàn ṣubú níbì kankan. Ẹni tó bá ti fi bíi sẹ̀ńtímítà 4 kúrú sí bó ṣe ga nígbà èwe, kó lọ ṣe ràdíò ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ wá kù. Obìnrin tó ti kọjá 50 nílò nǹkan bí 1200 mílígíráàmù kálísíọ̀mù, èròjà oúnjẹ tó ń mú egungun le, lójúmọ́. Ife wàrà olómi kan, mílílítà 250, ń mú bíi 300 wá. Ta ló fẹ́ mu ife mẹ́rin lójúmọ́ nílùú yìí, owó rẹ̀ dà? Ṣùgbọ́n wàgáṣì, wàrà dídì, ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń gbé e wá, èyí tó funfun àti èyí tí wọ́n fi pòròpóró ọkà bàbà sè tó fi pọ́n. Omi ewé bomubomu ni wọ́n fi ń mú wàrà rẹ̀ dì. Èmi máa ń gé e sínú ọbẹ̀ dípò ẹran, n kì í dín in bíi tàwọn tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà Parakou. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí ọ̀sà wà lọ́dọ̀ yín, ẹja wẹ́wẹ́ tí ẹ̀ ń rún teguntegun mọ́lẹ̀ yẹn, òun gan-an ni. Ẹ má yọ eegun rẹ̀ dànù. Yànmọ̀tí náà dára púpọ̀, kí ẹ lọ̀ ọ́ teèpoteèpo. Tẹ̀tẹ̀ ní kálísíọ̀mù, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń di í mú tí gbogbo rẹ̀ ò fi ń wọ ara, ẹ máa fi ẹ̀fọ́ mìíràn pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò bá mọ̀ríńgà jà, ewé tó dára ni. Ìyẹn tí wọ́n ń bu ṣíbí kékeré kan sínú ẹ̀kọ, tí wọ́n á wá fọkàn balẹ̀ pé ó ti tán, ni mi ò gbà.

Àwọn ìyá wa tún fẹ́ràn kí wọ́n máa jẹ ẹ̀kọ àti ata, kí wọ́n kó ẹja àti ẹyin fún ọmọ-ọmọ. Iṣan á joro, iṣan ló sì ń gbé egungun dúró. Fún wọn ní ẹ̀wà, ẹyin, soja. Dín iyọ̀ àti kúúbù kù nínú ọbẹ̀, torí iyọ̀ tó pọ̀ ń kó kálísíọ̀mù bá ìtọ̀ jáde. Sódabì (ògógóró) àti tábà ń ba egungun jẹ́; màmá rẹ lè má fẹnu kàn wọ́n, bàbá ńkọ́?

Oòrùn ló ń fún wa ní fítámì D tó ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù wọlé, awọ dúdú sì ń pẹ́ nínú oòrùn ju awọ funfun lọ kó tó rí i gbà. Kí wọ́n máa ká gèlè àti apá aṣọ sókè díẹ̀, kí wọ́n jókòó síta.

Egungun tí kò bá gbé ẹrù ara, ṣe ló ń dín kù. Èmi tí mò ń jókòó ti ẹ̀rọ látàárọ̀ dalẹ́, tí zémìjàn (ọ̀kadà) tún ń gbé mi relé, kí ni egungun mi fẹ́ ṣe? Ẹsẹ̀ ni mo fi ń relé báyìí. Ẹ wo àwọn àgbà tó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu ilẹ̀ yẹn gan-an ni egungun ń fẹ́. Màmá rẹ ò ní lè jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pẹ̀lú eékún wọn. Kí wọ́n máa dìde lórí àga kí wọ́n tún padà jókòó láìfi ọwọ́ tì í, bó ṣe lè rọrùn fún wọn mọ. Ó ń mú itan le, itan tó le sì ń gba eékún sílẹ̀, ó tún ń dènà ìṣubú. Ìgbálẹ̀ kúkúrú tí a ń tẹ̀ ba gbálẹ̀ kò dára fún ẹ̀yìn tó ti ń fúyẹ́. Mo ti so igi gígùn mọ́ tèmi. Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán. Mo tún ní kí bíríkìlà ha sìmẹ́ńtì ilé ìwẹ̀ kó má baà yọ̀ mọ́, mo sì gbé iná sí ọ̀nà tí mò ń gbà lọ tọ̀ lóru.

Ohun tó kàn mí jù ló kù yìí. Àbúrò ìyá mi ra hóró funfun kan lórí àtẹ lọ́jà fún ìrora ara, wọ́n ń lò ó fún ọdún pípẹ́. Ìrora lọ lóòótọ́. Ojú wọn kún ròbòtò, gbogbo wa ń kí wọn pé ara wọn ti mókun. Ọjọ́ kan wọ́n tẹ̀ ba gbé kòròbá omi, egungun ẹ̀yìn bá rún. Ilé ìwòsàn la ti gbọ́ pé dexaméthasone ni. Òun àti prednisolone wúlò tí dókítà bá kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá lò ó tó oṣù 3 sókè, ó ń jẹ egungun, àwọn kan sì ń lọ̀ ọ́ mọ́ àgbo eékún tí wọ́n ń pè ní ti ìbílẹ̀. Bí màmá bá sì ti ń lò ó pẹ́, wọn ò gbọdọ̀ ṣàdédé dá a dúró, ewu ńlá ni. Dókítà ni yóò máa dín in kù fún wọn.

Nítorí náà, kó o tó ra agúnmu kankan, wo abẹ́ ibùsùn wọn àti inú àpò wọn. Kó gbogbo òògùn tó o bá bá níbẹ̀ sínú ọ̀rá kan, pàápàá èyí tó wà nínú bébà láìní orúkọ, gbé e dání lọ bá dókítà, kó o ní kí wọ́n yẹ eékún wò kí wọ́n sì ṣe ràdíò ẹ̀yìn. Kí wọ́n bọ́ bàtà, kó o wọn gíga wọn lára ògiri kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kó o sì wo èyí tí wọ́n kọ sínú káàdì ìdánimọ̀ wọn àtijọ́ tó bá wà níbẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ gíga náà, wọn kì í sábà béèrè.