Ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù yín jáde kí ẹ tó bá kọ́sítọ́mà kéà fa ọ̀rọ̀

Àǹtí wa ní Ṣágámù, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka ohun tí ẹ kọ: fọ́ọ̀mù tí àwọn èèyàn fi ń ra gàrí lórí sáìtì yín ti dákẹ́, ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kò rí nǹkan kan, ilé-iṣẹ́ tí ẹ fi kọ́ sáìtì náà sì ń dá yín lóhùn pé kí ẹ clear cache, ìyẹn kí ẹ pa ohun tí fóònù ti tọ́jú nípa sáìtì náà rẹ́, kí ẹ tún gbìyànjú. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ dúró dè wọ́n tàbí kí ẹ kó kúrò. Èmi ò ní sọ pé kí ẹ kó kúrò lónìí. Ohun tí mo máa sọ ni pé kí ẹ ṣètò ara yín débi tó jẹ́ pé bí ẹ bá fẹ́ kó lọ́la, kò ní sí ẹni tó máa lè dá yín dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá máa bá wọn jà bó ṣe wù yín.

Aṣọ òkè àti fìlà ni mo ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ẹni tó bá mọ ìlú wa á mọ̀ pé irú ọjà yìí kì í lọ déédéé yí ọdún po. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ó sì ti pẹ́ ṣáájú ìgbà náà tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́-orí wọn sún mọ́ra, ti máa ń yan aṣọ, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lókè òkun náà á sì máa wá ẹni tó máa bá wọn hun tiwọn. Láti ọdún 2024 tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, àwọn tí kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú náà ń béèrè fìlà. Àsìkò yẹn gan-an ni sáìtì mi yàn láti ya wèrè.

Owó ń wọlé, ọ́dà kò wọlé. Álẹ́ẹ̀tì báńkì á dún, màá ṣí sáìtì, kò ní sí orúkọ, kò ní sí ìwọ̀n orí, kò ní sí àwọ̀ tí wọ́n fẹ́. Ẹni tó sanwó náà kò rí rísíìtì gbà. Ẹ mọ ohun tó máa wá sí i lọ́kàn: wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Ìyá kan pè mí láti Èkó lórí fìlà ọkọ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ débi pé mo gbé fóònù jìnnà sí etí, bẹ́ẹ̀ mi ò lè bá a jiyàn torí pé lóòótọ́ ni owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Mo wá ìdí rẹ̀ fúnra mi. Àwọn tó ń gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn tó ni sáìtì. Bí ẹnì kan bá ti sanwó, àwọn agbowó á ránṣẹ́ sí sáìtì pé lágbájá ti san; webhook ni wọ́n ń pe iṣẹ́ tí wọ́n ń rán yẹn. Sáìtì gbọ́dọ̀ fèsì pé òun ti gbọ́, nọ́ńbà tó sì fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni 200. Tèmi ń fèsì 500, èyí tó túmọ̀ sí pé nǹkan ti fọ́ lórí ẹ̀rọ sáìtì fúnra rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà lákọsílẹ̀ nínú àkáǹtì mi lọ́dọ̀ àwọn agbowó, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà kéà.

Wọ́n ní kí n clear cache.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí inú ilé wọn ṣe rí, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á kàn máa fi ìbínú ṣòfò. Ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ máa bá pàdé kì í ṣe èèyàn, rọ́bọ́ọ̀tì ni. Ẹni kejì jẹ́ èèyàn lóòótọ́, àmọ́ ìdáhùn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún un ló ń kà jáde, kò sì lè fọwọ́ kan ohun tó bàjẹ́. Bí mọ́tò bá kọṣẹ́ ní Lagos Garage, agbèrò lè bá yín kẹ́dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kì í ṣe òun ló máa tú ẹ́ńjìnnì. Àwọn ẹnjiníà tó lè tún un ṣe kì í sábà bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ yín ni láti fún agbèrò yẹn ní lẹ́tà tí kò ní lè jókòó lé lórí.

Àwọn tèmi, etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n wà. Nínú oṣù kẹfà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wọn ni aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa. Màá kọ̀wé láàárọ̀, wọ́n á dá a lóhùn lóru, ìbéèrè tí mo ti dáhùn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n á sì tún bi mí. Bí mi ò bá tètè fèsì, ẹ̀rọ wọn á ti ẹjọ́ náà pa fúnra rẹ̀, á wá bi mí pé ìràwọ̀ mélòó ni mo máa fún wọn nínú márùn-ún. Ní gbogbo àkókò yẹn, ojú-ewé tí wọ́n fi ń kéde bóyá nǹkan wọn ń ṣiṣẹ́ kò kúrò ní àwọ̀ ewé. Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ yẹn dà yín láàmú. Wọn kì í yí i padà nítorí sáìtì ẹnì kan.

Àléébù kejì kò jẹ́ kí n pàdánù owó púpọ̀, síbẹ̀ òun ló dùn mí jù. Mo kọ orúkọ ọjà mi bó ṣe yẹ ká kọ ọ́: ẹ̀tù, sányán, àlàárì. Lórí fóònù kan, àmì ohùn orí ẹ̀tù á sún lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Lórí òmíràn, àpótí òfìfo ló máa hàn. Ẹni tó bá tẹ ẹ̀tù láti wá a lórí sáìtì kò ní rí ẹ̀tù tó wà níbẹ̀ kedere. Àdírẹ́ẹ̀sì ojú-ewé náà tilẹ̀ gé gbogbo lẹ́tà tí kò mọ̀ dànù, ó wá ku t nìkan. Ẹ̀tù, aṣọ àwọn bàbá wa, di t!

Kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmọ́ ẹ tó ní àmì ohùn lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ̀yà méjì ni kọ̀ǹpútà máa ń so pọ̀, U+1EB9 àti U+0300. Kíbọ́ọ̀dù míì á ti è bẹ̀rẹ̀, á wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ tí wọn ò kọ́ dáadáa, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ohun tó yẹ kí sáìtì ṣe ni pé kó sọ gbogbo wọn di irú kan náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀, iṣẹ́ tí gbogbo ẹnjiníà mọ̀ ni. Kọ́sítọ́mà kéà ní kí n máa kọ orúkọ ọjà mi láìfi àmì sí i. Mo tún kọ̀wé, mo to nọ́ńbà méjèèjì yẹn síbẹ̀, mo sì fi "Unicode normalization" ṣe àkọlé rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà yé kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ó gbà pé àwọn ló jẹ̀bi. Wọ́n fi í sínú àkójọ ohun tí wọ́n máa tún ṣe, inú àkójọ náà ló sì wà títí mo fi kúrò.

Nítorí náà, lẹ́tà kan, àléébù kan. Ẹ dán fọ́ọ̀mù yẹn wò lórí fóònù yín àti ti ẹlòmíràn, lórí MTN àti lórí Glo, nínú incognito, ìyẹn ojú-ewé ìkọ̀kọ̀ tí kì í lo ohun tí fóònù ti tọ́jú tẹ́lẹ̀. Bó bá ṣe bákan náà níbi gbogbo, ẹ kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà yín kí wọ́n má bàa tún dárúkọ cache. Ẹ kọ ohun tí ẹ tẹ̀, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti wákàtí rẹ̀. Ẹ má sọ bó ṣe ká yín lára tó, wọn ò kà á. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi parí rẹ̀: ṣé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ẹnjiníà, kí sì ni nọ́ńbà rẹ̀? Wọ́n lè ní kí ẹ fi fáìlì HAR ránṣẹ́, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí browser yín àti sáìtì ń sọ fún ara wọn. Lórí kọ̀ǹpútà ni ẹ ti máa ṣe é, ẹ tẹ F12, ẹ lọ sí Network. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ní fáìlì yẹn lè fi wọ inú àkáǹtì yín, torí náà bí ẹ bá ti gbà á sílẹ̀ tán, ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì náà kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ní ti ẹrù yín: lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, orúkọ ọjà àti orúkọ oníbàárà ṣeé kó jáde ní CSV, irú fáìlì tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n tò ní ìlà-ìlà. Bí ẹ ṣe to ojú-ewé kì í sábà ṣeé kó, ẹ máa tún un tò níbòmíràn ni. Ohun tí wọn kì í sọ fún èèyàn nípa CSV ni pé kò sí àwòrán nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ máa rí níbi tí wọ́n kọ àwòrán sí, àdírẹ́ẹ̀sì ni, orí ẹ̀rọ tiwọn ló sì ń tọ́ka sí. Lọ́jọ́ tí àkáǹtì bá kú, gbogbo àwòrán gàrí yín lọ nìyẹn. Ẹ dáńlóòdù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí kò bá sí ọ̀nà míì. Ẹ má sì kàn tẹ CSV náà kó ṣí nínú Excel o. Excel á jẹ òdo àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà fóònù, 080 á di 80, ó sì lè sọ gbogbo ẹ àti ọ di ìdọ̀tí. Bí ẹ bá wá séèfù rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó parí. Ẹ ṣí Excel ná, ẹ lọ sí Data, ẹ mú From Text/CSV, ẹ yan UTF-8 (ọ̀nà ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà tó mọ ẹ àti ọ), kí ẹ sì sọ fún un pé Text ni nọ́ńbà fóònù.

Domain yín, ìyẹn orúkọ tí èèyàn ń tẹ̀ kó tó dé sáìtì yín, wá ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé wọ́n fi ṣe èènì nígbà tí ẹ san owó ọdún àkọ́kọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ yín ni wọ́n fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín. Bí .com bá ni, ọ̀pọ̀ registrar (àwọn tó ń ta domain) kò ní jẹ́ kó kúrò lọ́dọ̀ wọn láàárín 60 ọjọ́ àkọ́kọ́, òfin ICANN, àjọ tó ń bójú tó domain lágbàáyé, ló fàyè gbà wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí wọ́n ṣí lọ́ọ̀kù rẹ̀, kí wọ́n fún yín ní auth code, kóòdù tí ẹ máa fi gbé e lọ síbòmíràn. Bí .com.ng bá ni, abẹ́ NiRA, àjọ tó ń bójú tó .ng, ló wà, ẹ sì lè gbé e lọ sọ́dọ̀ èyíkéyìí nínú àwọn registrar tí NiRA fọwọ́ sí. Kò tilẹ̀ pọn dandan kí ẹ gbé domain náà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, DNS nìkan, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí orúkọ náà ń darí èèyàn sí, lẹ lè yí kó máa tọ́ka síbòmíràn. Àmọ́ bí ẹ bá ní ímeèlì tó ń jẹ́ orúkọ domain yẹn, ẹ da gbogbo MX record (ìlà inú DNS tó ń sọ ibi tí ímeèlì ń lọ) kọ ná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sáìtì á dé ibi tuntun, ímeèlì á sì dákẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí ọjà dúró ní báyìí. Ẹ yọ fọ́ọ̀mù tó ti kú yẹn kúrò, torí ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí kò lọ kì í padà wá. Ẹ fi bọ́tìnnì WhatsApp sí i: wa.me/234, kí nọ́ńbà yín tẹ̀ lé e láìsí òdo àkọ́kọ́, láìsí àmì ìròpọ̀ àti àlàfo. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi, mo sì fi ẹ́sásáìsì búùkù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí mo fi ń so álẹ́ẹ̀tì mọ́ orúkọ. Mi ò kó kúrò títí Ojúde Ọba fi kọjá. Ẹ má ṣe kó sáìtì láàárín àsìkò ọjà, ohun yòówù kí wọ́n ṣe fún yín.

Orí WordPress, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ sáìtì, ni mo wà báyìí, pẹ̀lú WooCommerce tó sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀fẹ́ ni, WordPress ti wà láti 2003, fáìlì àti database sì jẹ́ tèmi, mo lè kó wọn kúrò lọ́dọ̀ host kan (ẹni tí sáìtì wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀) lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀run. Bí ẹ kò bá ń ṣe update àwọn plugin, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké tí ẹ fi kún un, olè lè wọlé. Bí nǹkan bá bàjẹ́, kò sí kọ́sítọ́mà kéà kankan, èmi àti ọmọkùnrin kan tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ní Fọlágbadé la jọ ń wá a. Mo ń sanwó fún un, kò sì dùn mí, torí ó ń gbé fóònù. Ẹ̀yin gan-an, bó bá jẹ́ pé ìwọ̀n gàrí bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ẹ ń tà, mi ò rò pé ẹ nílò gbogbo wàhálà ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú-ewé kan tó mọ́, iye owó, àwòrán, WhatsApp, ó tó.

Ọ̀gbẹ́ni tó dá yín lóhùn ṣáájú mi, tó ní kí ẹ lọ bá báńkì kí wọ́n gba owó dọ́là tí ẹ san fún ilé-iṣẹ́ sáìtì padà, kò parọ́, ó ṣeé ṣe. Àmọ́ bí ilé-iṣẹ́ náà bá rí i pé ẹ ti pe báńkì, wọ́n lè ti àkáǹtì pa lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ pa auto-renew, èyí tó ń yọ owó fúnra rẹ̀ nígbà tí àsìkò bá pé, ná, ẹ kó ẹrù yín tán, kí ẹ tó gbọ̀nà báńkì.

Ẹ dán CSV yẹn wò lálẹ́ yìí. Bí àwọn lẹ́tà bá ṣì dàrú lẹ́yìn UTF-8, ẹ ya àwòrán ìlà àkọ́kọ́ nìkan síbí, ẹ bo nọ́ńbà àwọn oníbàárà, màá bá yín wò ó.