Ibùdó ojú-ọjọ́ tuntun: ẹ má tíì tú ti àtijọ́

Ẹ kú oríire owó tó jáde. Ẹ ní dípátímẹ́ǹtì yín fẹ́ ra ibùdó ojú-ọjọ́ tó ń dá kọ àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì kó irinṣẹ́ àtijọ́ dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kó nǹkan kan. Mo wà lára àwọn tó bójú tó irú àyípadà yìí ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá níbí, ojú wa rí nǹkan.

Àpótí funfun onígi tí tẹmomítà wà nínú rẹ̀ yẹn, Stevenson screen, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí ẹni tó ń kà á láàárọ̀ ṣì máa kà á lọ. Abẹ́ ìbòrí oníke kékeré ni sẹ́ńsọ̀ tuntun (ohun tó ń wọn ooru) sábà máa ń wà. Tí oòrùn bá mú, tí atẹ́gùn ò fẹ́, ooru tó máa kọ lè ju ti inú àpótí lọ. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan lónìí, tẹ́ ẹ gbé èkejì síbẹ̀ lọ́la, akẹ́kọ̀ọ́ kan á wá kọ ọ́ níjọ́ iwájú pé ọgbà yín ṣàdédé gbóná sí i. WMO, àjọ ojú-ọjọ́ àgbáyé, ní kí méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ó kéré tán. Ọdún méjì ló dáa jù.

Òjò ló là wá lójú. Nínú èyí tó ń wọn òjò, síbí kékeré méjì ló ń gbè síhìn-ín sọ́hùn-ún bíi jáńgírọ́fà. Tiwa, mìlímítà 0.2 ló ń kà nígbàkúùgbà tó bá gbè. Tí òjò oníjì bá lágbára, omi ṣì ń wọlé bó ṣe ń gbè lọ́wọ́, iye tó kà á sì dín. Ìyẹn kéré o. Lọ́jọ́ kan òjò rọ̀, gọ́tà kún àkúnya, òdo ni maṣíìnì kọ. A ṣí i wò: ewé dóńgóyárò ti dí ẹnu àrọ, agbọ́n sì ti fi amọ̀ kọ́lé pa ihò ìsàlẹ̀. Irinṣẹ́ àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ la fi mọ iye tó rọ̀.

Àwọn tó ń tajà á fẹ́ kẹ́ ẹ ra sẹ́ńsọ̀ rẹpẹtẹ. Èmi ò ní rà á. Òpó, ọgbà onírin àti wáyà tó ń gbé àrá wọlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Mítà 10 ni òpó tí irinṣẹ́ tó ń wọn afẹ́fẹ́ máa wà lórí rẹ̀, kó sì jìnnà sí ilé ní ìlọ́po mẹ́wàá gíga ilé náà: ilé mítà 12, ẹ lọ sí mítà 120. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé e sórí òrùlé nítorí olè (wọ́n jí sólà tiwa lóòótọ́), ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ orí òrùlé kì í ṣe afẹ́fẹ́ pápá.

Ẹ ya owó sọ́tọ̀ fún dátà síìmù tí maṣíìnì á fi máa fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́, àti fún ẹni tó máa nu sólà nígbà ọyẹ́. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á: tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣé àkọsílẹ̀ ṣì máa wà nínú maṣíìnì? Tó bá ń kólòlò, ẹ wá ẹlòmíì.