Ìdí tí ooru kì í fi í mú nínú àwọn ilé ọ́fíìsì àtijọ́ n'Íbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì sí Dùgbẹ̀, tẹ́ ẹ ń béèrè ẹni tó ya ilé Co-operative Bank àtijọ́, àti bóyá kẹ́ ẹ fi gíláàsì bo tiyín látòkè délẹ̀.

Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ló yà á. Àwọn náà ló ya University College, tó di UI lónìí. Wọ́n máa ń kọ ojú ilé tó gùn sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má rí ògiri ńlá gún. Yàrá á tẹ́ẹ́rẹ́, fèrèsé á wà lápá méjèèjì, atẹ́gùn á gba ọ̀kan wọlé, á gba èkejì jáde. Èyí tó wù mí jù ni kọnkéré oníhò tí wọ́n fi ń bo iwájú ilé. Ẹ lọ dúró níwájú Kenneth Dike Library ní UI lọ́sàn-án gangan: kọnkéré yẹn ló ń jìyà oòrùn, òjìji ló ń bọ́ sínú ilé.

Gíláàsì ńkọ́? Ìtànṣán á wọlé, ooru á há síbẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù á máa ké látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí NEPA bá wá mú iná lọ, owó dísù nìyẹn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Ẹ wo iṣẹ́ Demas Nwoko náà, ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà: ilé àṣà tó wà ní Mọ́kọ́lá àti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Dominican. Wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Golden Lion níbi àfihàn iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ní Venice lọ́dún 2023. Kí ayàwòrán ilé yín tó fa ìlà kankan, ibi tí ilẹ̀ yín kọjú sí ló yẹ kó kọ́kọ́ bi yín.